Ẹ̀yin ará, báwo lẹ ṣe ń gbàdúrà lójoojúmọ́ láìdáwọ́ dúró?

Irúgbìn Tuntun:
Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, ẹ̀yin ará. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Jésù ní Olúwa àti Olùgbàlà ni, a kò sì tọ́ mi dàgbà nínú ilé onígbàgbọ́. Bí a bá wà ní ìjọ tí olórí àdúrà ń darí wa, ọ̀rọ̀ máa ń jáde lẹ́nu mi dáadáa. Ṣùgbọ́n bó bá ku èmi nìkan nílé, mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀, mi ò sì mọ ibi tí mo máa parí sí. Ohun tó wù mí ni kí àdúrà di ohun tí mò ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, kó má jẹ́ ìgbà tí ìṣòro bá dé nìkan. Wákàtí wo ló dára jù? Báwo ló ṣe yẹ kó pẹ́ tó? Kí ni kí n máa sọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan rárá.

Ìyá Ìjọ:
Ọmọ mi, káàbọ̀ sínú agbo Olúwa. Ìbéèrè rẹ yìí, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù fúnra wọn ti bi í rí. Lúùkù 11:1 ló wà: wọ́n ń wò Ó bó ṣe ń gbàdúrà, nígbà tó parí, ọ̀kan nínú wọn bẹ̀ Ẹ́ pé kó kọ́ àwọn. Júù sì ni wọ́n o, inú àdúrà ni wọ́n dàgbà sí. Nítorí náà, kíkọ́ là ń kọ́ àdúrà. Má ṣe rò pé wọ́n bí i mọ́ àwa yòókù.

Má fi wákàtí kan gbáko bẹ̀rẹ̀. Wo ohun tí o ti ń ṣe lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀, kí o so àdúrà mọ́ ọn. Gbogbo wa là ń jí, à ń bọ́jú, à ń wọṣọ. Mú ọ̀kan nínú wọn. Pinnu pé bí o bá ti bọ́jú tán, kí o tó fọwọ́ kan fóònù, orí àga báyìí ni wàá jókòó sí láti bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Àga kan náà, ìgbà kan náà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, torí wàá rí i pé ọ̀rọ̀ tí o ní í sọ ti pọ̀ ju àkókò lọ.

Ka Dáníẹ́lì 6:10 dáadáa. Wọ́n ti ṣòfin pé láàárín 30 ọjọ́, ẹnikẹ́ni tó bá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ọlọ́run kan tàbí ènìyàn kan yàtọ̀ sí ọba Dáríúsì, ihò kìnnìún ni wọn yóò jù ú sí. Dáníẹ́lì gbọ́ pé ọba ti fọwọ́ sí i. Ó wọ ilé rẹ̀ lọ, yàrá òkè tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sí ìhà Jerúsálẹ́mù, ó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ó gbàdúrà, ó dúpẹ́, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìparí yẹn ni kí o dì mú. Ọjọ́ tí ikú dojú kọ ọ́, kò sí ohun tuntun kankan tó ṣe. Ó ti ní yàrá, ó ti ní iye ìgbà, orúnkún rẹ̀ ti mọ ibẹ̀. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ pàápàá mọ ibi tí wọn yóò ti lọ bá a.

Awakọ̀ Òru:
Ẹ ṣé o, Ìyá. Mo fẹ́ fi tàwa tí à ń ṣiṣẹ́ òru kún un. Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àdúrà tí a kò bá gbà ní ìdájí kì í ṣe àdúrà. Lóòótọ́, Jésù dìde nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ (Máàkù 1:35). Ṣùgbọ́n Jésù kan náà fi òru mọ́jú lórí òkè (Lúùkù 6:12). Wákàtí kẹsàn-án, ìyẹn aago mẹ́ta ọ̀sán, ni Pétérù àti Jòhánù gòkè lọ sí tẹ́ḿpílì ní Ìṣe 3:1. Ọ̀sán gangan ni Pétérù wà lórí òrùlé tó ń gbàdúrà nígbà tí ìran dé bá a (Ìṣe 10:9). Ẹni tó kọ Sáàmù 55 tilẹ̀ fi ìrọ̀lẹ́ ṣáájú ní ẹsẹ 17: ìrọ̀lẹ́, òwúrọ̀, ọ̀sán.

Nígbà tí àwọn ará ilé mi ń jí ni èmi ń dé. Bí mo bá ti pa iná ọkọ̀, kí n tó ṣílẹ̀kùn bọ́ sílẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń gbàdúrà mi. Kò sí ẹni tó ń pè mí níbẹ̀. Ẹ wá wákàtí tí ojú yín là dáadáa, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ nílò yín. Kò pọn dandan kó jẹ́ ìdájí.

Irúgbìn Tuntun:
Ọlọ́run á bù kún yín. Àga àti àkókò, ó ti yé mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó, mo máa ka "Bàbá wa tí ń bẹ ní ọ̀run", mo máa tọrọ ohun tí mo fẹ́, ó parí, kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Bí mo bá ní kí n tẹ̀ síwájú, ọkàn mi á ti lọ síbi iṣẹ́. Kí ni ẹ̀yin máa ń sọ?

Olùkọ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Ìsinmi:
Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi í sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Ẹ má kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí Ọlọ́run kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ẹ wá dá A lóhùn.

George Müller, ẹni tó tọ́jú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ aláìlóbìí ní ìlú Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1841 pé fún ọdún púpọ̀, bí òun bá ti wọṣọ tán láàárọ̀, àdúrà ni òun máa ń kọ́kọ́ dojú kọ. Ó ní nígbà púpọ̀, ọkàn òun á máa rìn káàkiri fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tàbí ìdajì wákàtí pàápàá, kí òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà ní tòótọ́. Ó wá yí i padà: ó ń kọ́kọ́ ka Bíbélì, ó ń ṣàṣàrò lórí ohun tó kà títí ọkàn rẹ̀ yóò fi móoru, láti inú àṣàrò yẹn ni ó sì ń bọ́ sínú àdúrà láìmọ ìgbà tó bọ́ sí i. Akíkanjú nínú àdúrà ni Müller, ọkàn tirẹ̀ náà rìn. Ẹ má bẹ̀rù.

Ẹ gbé Sáàmù 103 síwájú, ẹsẹ 1 sí 5 nìkan. Onísáàmù sọ fún ọkàn ara rẹ̀ pé kó fi ìbùkún fún Olúwa, kó má gbàgbé oore Rẹ̀. Ẹ dúró níbẹ̀. Oore wo lẹ rí lánàá? Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún Ọlọ́run. Ẹ lọ sí ẹsẹ 3: Ó ń dárí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ jì. Ẹ dúró. Ẹ jẹ́wọ́ èyí tí ẹ mọ̀, ẹ gba ìdáríjì, ẹ dúpẹ́. Ó ń wo gbogbo àrùn sàn: ta ni ẹ mọ̀ tí ara rẹ̀ kò yá? Ẹ dárúkọ ẹni náà. Ẹsẹ 4, Ó ń ra ẹ̀mí padà kúrò nínú ìparun: ta ni nínú ìdílé yín tí kò tíì mọ̀ Ọ́n? Kí ẹ tó dé ẹsẹ 5, àkókò yín ti lọ, kò sì sí èyí tí ẹ fi tipátipá wá nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ. Sáàmù 150 ló wà. Bí ẹ bá ń mú márùn-ún lóòjọ́, oṣù kan ẹ ti yí i po. Bí ọ̀kan bá tó yín lóòjọ́, kò burú.

Àdúrà Olúwa náà tí ẹ ní kì í pẹ́, ẹ lè lò ó báyìí. Ní 1535, onígbàjámọ̀ kan tó ń gé irun fún Martin Luther, aṣáájú àtúnṣe ìjọ ní Jámánì, ní kí Luther kọ́ òun bí a ṣe ń gbàdúrà; Pétérù lorúkọ onígbàjámọ̀ náà. Luther kọ ìwé kékeré kan fún un. Ó ní kó mú ẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú Àdúrà Olúwa, kó dúró lórí rẹ̀, kó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fẹ̀ ẹ́. "Kí ìjọba Rẹ dé": dé ibo? Sínú ilé mi, sí ibi iṣẹ́ mi, sí ìjọ wa. "Dárí gbèsè wa jì wá, bí àwa ti ń dárí ji àwọn onígbèsè wa": ta ni mo ń bínú sí? Lórí ọkàn tó ń rìn, Luther fi iṣẹ́ ọkùnrin náà bá a sọ̀rọ̀: onígbàjámọ̀ tó mọṣẹ́ a máa fi ojú àti ọkàn sí abẹ àti irun. Bó bá ń sọ̀rọ̀ kiri tí ọkàn rẹ̀ wà níbòmíràn, imú oníbàárà, àní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ pàápàá, kò ní bọ́.

Akọrin:
Lórí ọkàn tó ń rìn: ẹ gbàdúrà síta, kí etí yín gbọ́ ọ. Bí ibẹ̀ kò bá gba ariwo, ẹ jẹ́ kí ètè mì bíi ti Hánà (1 Sámúẹ́lì 1:13). Ẹ fi bébà àti kálàmù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí iṣẹ́ kan bá sọ sí yín lọ́kàn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ padà sínú àdúrà. Kí fóònù wà nínú yàrá mìíràn. Bíbélì olójú ewé ló dára jù ní wákàtí yẹn.

Iná Àdúrà:
Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Olùkọ́, mo ní àníyàn. Kí a máa ka àdúrà láti inú ìwé, kí a máa tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ lójoojúmọ́, ṣé kì í ṣe ohun tí Jésù kọ̀ ní Mátíù 6:7 nìyẹn, àtúnwí asán? Ẹ̀mí Mímọ́ ni Olùrànlọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tuntun yìí mọ̀ Ọ́n, kó má lọ di ẹni tí ń ka ìwé lásán.

Ẹ̀yìn Pẹpẹ:
Arákùnrin, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ ka síwájú. Ẹsẹ 7 ló kọ àtúnwí asán, ẹsẹ 9 ló fi Àdúrà Olúwa lé wa lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí ọkàn kò sí nínú rẹ̀, tí a rò pé pípọ̀ rẹ̀ ni yóò mú kí a gbọ́ wa, ni Jésù ń bá wí. Nínú ọgbà Gẹtisémánì, Òun fúnra Rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan náà (Mátíù 26:44). Lórí àgbélébùú, ọ̀rọ̀ Sáàmù 22 àti Sáàmù 31 ló wà lẹ́nu Rẹ̀. Ìwé kékeré ìgbàanì kan tí wọ́n ń pè ní Didache ní kí onígbàgbọ́ máa gba Àdúrà Olúwa lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Nínú ìjọ Áńgílíkà tí mo wà, ìsìn òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ tí à ń lò ti wà nínú ìwé àdúrà láti 1549, a sì pín àwọn Sáàmù sí 30 ọjọ́ níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo ti rẹ̀ débi pé n kò ní ọ̀rọ̀ ti ara mi, ọ̀rọ̀ tí àwọn mìíràn ti gbà ṣáájú mi ló gbé mi dúró.

Iná Àdúrà:
Mo gba ti Gẹtisémánì. Èyí tí n kò ní fi sílẹ̀ ni pé kí a fi àyè sílẹ̀ fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Bí ẹ bá ti parí Sáàmù yín, ẹ má ṣe dìde lójú ẹsẹ̀. Ẹ jókòó díẹ̀, ẹ má sọ nǹkan kan. Nígbà púpọ̀, ibẹ̀ ni Ẹ̀mí ti ń rán mi létí ẹni tó yẹ kí n lọ bẹ̀, tàbí iṣẹ́ tí mo ń sá fún. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ṣáá kò ní gbọ́.

Ìyá Ìkókó:
Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ nípa àga àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kí ni kí èmi tí mo ní ọmọ jòjòló ṣe? Ìgbà tí mo bá jókòó ni yóò jí. Ó ń dùn mí gan-an, torí mo fẹ́ràn àdúrà kí n tó bímọ.

Ìyá Ìjọ:
Ọmọ mi, Ọlọ́run tó fún ọ ní ọmọ mọ wákàtí rẹ. Ìgbà yìí kò ní pẹ́ títí. Ní báyìí, so àdúrà mọ́ ọmú. Ìgbàkígbà tí o bá fún un lọ́mú, òru tàbí ọ̀sán, gba ẹsẹ Bíbélì kan lórí rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì rẹ kò ṣófo nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ ṣófo. Kọ ẹsẹ náà sára ògiri níbi tí o ti ń jókòó.

Àdúrà kúkúrú kì í ṣe àdúrà tí kò pé. Nehemáyà 2:4: ọba bi í léèrè ohun tó fẹ́, ó gbàdúrà sí Ọlọ́run ọ̀run, lẹ́yìn náà ló dá ọba lóhùn. Mélòó ni ìṣẹ́jú tó wà láàárín? Ìṣẹ́jú kan kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí orí 1, ẹ ó rí i pé ó ti ń gbààwẹ̀, ó ti ń gbàdúrà fún ọjọ́ mélòó kan lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí àdúrà kúkúrú yẹn fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Olùkọ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Ìsinmi:
Ẹ jẹ́ kí n fi Brother Lawrence kún un fún Ìyá Ìkókó. Inú ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan ní Paris ló wà títí ó fi kú ní 1691. Iṣẹ́ ilé ìdáná ni wọ́n fún un, kò sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kọ́ láti máa bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ náà, débi tó fi ní kò sí ìyàtọ̀ fún òun láàárín àkókò iṣẹ́ àti àkókò àdúrà. Ọ̀nà tí 1 Tẹsalóníkà 5:17 gbà ṣeé ṣe nìyẹn, gbígbàdúrà láìsinmi. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹsẹ yẹn di ẹrù lé yín lórí.

Irúgbìn Tuntun:
Bí ọjọ́ kan bá já ńkọ́? Ṣé mo máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni?

Nọ́ọ̀sì:
Rárá o. Àwọn olùwádìí ní yunifásítì kan ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwádìí kan jáde ní 2010 nípa bí nǹkan ṣe ń mọ́ ènìyàn lára. Ènìyàn 96 ló kópa, kálukú yan ohun kan tí yóò máa ṣe lójoojúmọ́ lẹ́yìn ohun mìíràn tó ti mọ́ ọn lára, irú ohun tí Ìyá Ìjọ sọ lókè gan-an. Àárín gbùngbùn rẹ̀ jẹ́ 66 ọjọ́ kí ohun náà tó di bárakú, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ láti 18 títí dé 254. Wọ́n tún rí i pé fífo ọjọ́ kan kò ba ohun tí ẹni náà ti ń kọ́ jẹ́. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló máa gbà, tí tiyín kò sì tíì dúró, kò túmọ̀ sí pé ìgbàgbọ́ yín kéré. Ẹ dìde lọ́jọ́ kejì, ẹ lọ sórí àga. Ẹ má gbìyànjú láti san gbèsè ọjọ́ tó já. Ìdárò Jeremáyà 3:23 sọ pé àánú Rẹ̀ ń tuntun ní gbogbo òwúrọ̀.

Ẹni Tó Ń Ṣọ̀fọ̀:
Ìbéèrè tèmi yàtọ̀. Mo ní àkókò, mo ní àga, mo ní Bíbélì. Láti ìgbà tí a ti sin ẹni mi, mo ń jókòó, kò sí ohun tó ń jáde. Ṣé kí n dá a dúró ná títí ara yóò fi sàn?

Ìyá Ìjọ:
Má dá a dúró, olólùfẹ́. Olúwa yóò tù ọ́ nínú. Ka Sáàmù 88 sí Ọlọ́run létí. Òkùnkùn ni ọ̀rọ̀ tó parí rẹ̀, kò sí ẹsẹ ìyìn kankan ní ìsàlẹ̀, síbẹ̀ Ọlọ́run gbà kó wà nínú ìwé Rẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀, sunkún níbẹ̀. Róòmù 8:26 sọ pé nígbà tí a kò mọ bó ṣe yẹ kí a gbàdúrà, Ẹ̀mí fúnra Rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún wa pẹ̀lú ìrora tí a kò lè fẹnu sọ. Jíjókòó tí o ń jókòó síbẹ̀ yẹn, Ọlọ́run kà á sí àdúrà. Bí ẹnì kan ní ìjọ rẹ bá lè wá jókòó tì ọ́, tí yóò máa ka Sáàmù fún ọ, pè é. Má ṣe dá nìkan gbé e.

Awakọ̀ Òru:
A ti gbé ọ sọ́kàn níbí, ẹni wa.

Ìyẹn mú mi rántí àdúrà fún àwọn ẹlòmíràn. Ẹ pín orúkọ sí ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ Ajé fún ìdílé, Ìṣẹ́gun fún àwọn aláìsàn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ má fi gbogbo orúkọ kún ọjọ́ kan, torí kíkà lásán ni yóò dà. Kólósè 4:12 sọ pé Épáfírásì ń làkàkà fún àwọn ará nínú àdúrà nígbà gbogbo. Ní 1727, ní abúlé Herrnhut ní Jámánì, ọkùnrin 24 àti obìnrin 24 pín wákàtí ojúmọ́ láàárín ara wọn kí àdúrà má baà dá lọ́sàn-án àti lóru. Ó lé ní 100 ọdún tí àwọn tó tẹ̀ lé wọn fi ń bá a lọ. Kálukú wọn, wákàtí kan ni.

Irúgbìn Tuntun:
Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé dandan ni kí n kúnlẹ̀? Wọ́n ní àdúrà àjókòó jẹ́ àìbọ̀wọ̀ fún Ọlọ́run.

Ẹ̀yìn Pẹpẹ:
Sólómọ́nì kúnlẹ̀, ó tẹ́wọ́ sí ọ̀run (1 Àwọn Ọba 8:54). Dáfídì wọlé lọ, ó jókòó níwájú Olúwa (2 Sámúẹ́lì 7:18). Hánà dúró (1 Sámúẹ́lì 1:26). Jésù dojú bolẹ̀ (Mátíù 26:39). Hesekáyà wà lórí ibùsùn àìsàn, ó kọjú sí ògiri (2 Àwọn Ọba 20:2), Ọlọ́run sì gbọ́ ọ kí Aísáyà tó jáde dé àárín àgbàlá. Kúnlẹ̀ bí ara rẹ bá gbà á, torí ó dára kí ara náà mọ̀ pé iwájú Ọba ni òun wà. Bí oorun bá ń gbé ọ lórí ìkúnlẹ̀, dìde dúró, kí o máa rìn nínú yàrá. Bí ó bá jẹ́ àga ni ọkàn rẹ ti ń dúró sójú kan, jókòó.